Owó tí báǹkì yọ lórí overdraft: èyí tí ẹ lè gbà padà àti èyí tí ẹ ò lè rí gbà

Àǹtí mi, ẹ kú ọjà o. Ẹ ní báǹkì fún yín ní overdraft mílíọ̀nù kan àbọ̀, ìyẹn àyè láti ná ju owó tó wà nínú àkáǹtì lọ dé ààlà kan, kí ẹ sì san èlé lórí rẹ̀, láti fi kún ọjà aṣọ yín ní Gbági, n'Ìbàdàn, pé láti ìgbà náà ni owó ti ń kúrò nínú àkáǹtì lábẹ́ oríṣiríṣi orúkọ. Ẹ wá ń bèèrè bóyá irú ìyọwó bẹ́ẹ̀ bójú mu, àti bóyá èèyàn lè gbà á padà. Mo ti gba irú owó bẹ́ẹ̀ padà rí, bó tilẹ̀ jẹ́ pé kì í ṣe gbogbo rẹ̀. Ẹ jẹ́ kí n sọ ohun tí ojú mi rí.

Ẹ má fi "kò bójú mu" bẹ̀rẹ̀ ìwé yín. Mo gbà pẹ̀lú yín pé kò bójú mu. Kí oníṣòwò máa san èlé tó lé ní 30% lọ́dún, ìnira ńlá ni. Ṣùgbọ́n ẹ ti fọwọ́ sí èlé yẹn nínú lẹ́tà àdéhùn, báǹkì yóò sì fi ìbuwọ́lùwé yín hàn yín kíákíá. Èyí tí ẹ fọwọ́ sí, ẹ ò lè rí i gbà nítorí pé ó pọ̀. Èyí tí ẹ ò fọwọ́ sí, èyí tí wọ́n ṣírò lódì, àti èyí tí ìlànà CBN, ìyẹn báǹkì àpapọ̀ Nàìjíríà, kò fún wọn láyè láti gbà, tiyín ni. Ibẹ̀ ni kí ẹ ti bá wọn fà á.

Mo ń sọ èyí nítorí àwọn tó ń fi ọ̀rọ̀ ìlú Òyìnbó gba èèyàn níyànjú. Ẹbí yín ní London lè sọ fún yín pé àwọn èèyàn gba owó overdraft padà rẹpẹtẹ níbẹ̀. Òótọ́ ni, ọ̀pọ̀ rí i gbà kí ọ̀rọ̀ tó dé ilé ẹjọ́ tó ga jù lọ. Nígbà tó débẹ̀, ní November 25, 2009, àwọn báǹkì ló jàre Office of Fair Trading, àjọ ìjọba tó ń gbèjà oníbàárà níbẹ̀, tó bá wọn ṣe ẹjọ́. Ilé ẹjọ́ ní owó náà wà lára iye tí oníbàárà ń san fún iṣẹ́ báǹkì, àjọ náà ò sì lè fi òfin tó gbára lé wádìí bóyá iye ọ̀hún pọ̀ jù. Ó di April 2020 kí FCA, àjọ tó ń ṣàbójútó iléeṣẹ́ ìṣúná níbẹ̀, tó fi ìlànà tuntun fòpin sí owó pàtó tí wọ́n ń bù lé àwọn èèyàn lórí lójoojúmọ́. Ìlànà tí wọ́n kọ sílẹ̀ ló gbà wọ́n. Àwa náà ní tiwa, mo ń bọ̀ níbẹ̀.

Tèmi rèé. Iṣẹ́ oúnjẹ adìyẹ lílọ ni mò ń ṣe, ní ọ̀nà Olódó. Ìgbà tí àgbàdo bá pọ̀ lọ́jà la máa ń rà á pamọ́, torí tó bá di ìgbà ọ̀wọ́n, apá ò ní ká a mọ́. Báǹkì fún mi ní overdraft mílíọ̀nù méjì. Lẹ́tà sọ iye èlé, ó sọ ààlà, ó sọ ọjọ́ tí yóò parí. Mo lo owó náà dé ẹnu ààlà, mo sì kó àgbàdo wọlé. Nígbà tí oṣù parí, báǹkì yọ èlé wọn. Èlé yẹn gbé gbèsè mi kọjá mílíọ̀nù méjì. Kò pẹ́ tí wọ́n tún bu owó mìíràn lé mi lórí, wọ́n ní mo kọjá ààlà. Ẹ tún un kà, àǹtí mi. Èmi ò kọ sọ̀wédowó kankan, n ò fi kọ́bọ̀ ránṣẹ́ sí ẹnikẹ́ni. Àwọn fúnra wọn ló fi èlé wọn tì mí kọjá ààlà tí àwọn fúnra wọn fà, wọ́n wá gba owó ìtanràn lọ́wọ́ mi nítorí rẹ̀. Owó ìtanràn yẹn bọ́ sórí gbèsè, èlé oṣù tó tẹ̀ lé e sì gun orí gbogbo rẹ̀. Bẹ́ẹ̀ ni wọ́n ṣe ń bá a lọ lóṣooṣù. Oníbàárà mi ń sanwó, mò ń ta ọjà, gbèsè ò sì wálẹ̀. Mo rò pé ọjà ni kò lọ dáadáa, mo tilẹ̀ dín àwọn ọmọṣẹ́ kù.

Mo lọ bá ọ̀dọ́mọkùnrin tó ń bójú tó àkáǹtì mi. Ó ní, "Bàbá, system ló yọ ọ́." Gbólóhùn yìí ni ẹ ó máa gbọ́ jù, inú sì ń bí mi títí di òní tí mo bá rántí rẹ̀. Ẹ̀rọ kì í dá ṣe nǹkan kan. Èèyàn ló jókòó tó kọ́ ọ ní ohun tí yóò yọ àti ìgbà tí yóò yọ ọ́. Máníjà ní kí n kọ̀wé sí olú iléeṣẹ́ wọn ní Èkó. Olú iléeṣẹ́ ní ẹ̀ka tí mo ti ṣí àkáǹtì ló yẹ kó dá mi lóhùn. Wọ́n gbé ọ̀dọ́mọkùnrin yẹn lọ sí ìlú mìíràn, ẹni tó gbapò rẹ̀ sì ní kí n bẹ̀rẹ̀ àlàyé láti ìbẹ̀rẹ̀ pẹ̀pẹ̀. Mo wá sanwó fún onímọ̀ ìṣirò owó kan, pé kó bá mi yẹ ìwé náà wò. Kò ṣí ju ojú ewé àkọ́kọ́ lọ tó fi sọ fún mi pé báǹkì kì í ṣírò èlé lódì. Wọ́n ń ṣe é. Mo rí i lójú ara mi, ẹni tí kò sì gbà gbọ́ kò tíì jókòó ṣírò rí.

Àbúrò mi obìnrin tó mọ kọ̀ǹpútà lò ló gbà mí. Ohun tó ṣe ni ẹ̀yin náà máa ṣe. Ẹ gba sítéètìmẹ́ǹtì láti ọjọ́ tí overdraft bẹ̀rẹ̀, kí ẹ ní èyí tó fi value date hàn ni ẹ fẹ́, ìyẹn ọjọ́ tí báǹkì ka owó kọ̀ọ̀kan sí nínú ìṣirò èlé, yálà ó wọlé ni tàbí ó jáde. Èlé overdraft, ojoojúmọ́ ni wọ́n ń ṣírò rẹ̀, lórí iye tí ẹ jẹ lọ́jọ́ náà. Bí èlé yín bá jẹ́ 30%, tí ẹ sì jẹ mílíọ̀nù kan àbọ̀ pérépéré, èlé ọjọ́ kan jẹ́ ₦1,232.88. Ọjọ́ tí oníbàárà bá fi ₦400,000 ránṣẹ́, gbèsè ti wálẹ̀ sí mílíọ̀nù kan lé ẹgbẹ̀rún lọ́nà ọgọ́rùn-ún, èlé ọjọ́ yẹn gbọ́dọ̀ wálẹ̀ pẹ̀lú rẹ̀. Nínú ìwé tèmi, owó tí mo gba alẹ́ẹ̀tì rẹ̀ lálẹ́ Friday, ọjọ́ Monday ni wọ́n kà á. Lórí ₦400,000, ọjọ́ mẹ́ta bẹ́ẹ̀ fẹ́rẹ̀ẹ́ tó ₦1,000. Tó bá ń ṣẹlẹ̀ lọ́sọ̀ọ̀sẹ̀, ó lé ní ₦51,000 lọ́dún. Sọ̀wédowó ní láti kọ́kọ́ lọ sọ́dọ̀ báǹkì ẹni tó kọ ọ́, ìyẹn yé mi. Ṣùgbọ́n owó tí wọ́n fi fóònù ránṣẹ́, ojú ẹsẹ̀ ló ń wọlé, tọ̀sán-tòru, àti òpin ọ̀sẹ̀. N ò rí ìdí kankan tí èlé fi máa wà lórí rẹ̀ fún ọjọ́ mẹ́ta.

Ìlànà tí mo ní mò ń bọ̀ níbẹ̀ nìyí. CBN ní ìwé kan tí wọ́n ń pè ní Guide to Charges, èyí tó bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ ní January 1, 2020. Ó wà lórí ìkànnì wọn lọ́fẹ̀ẹ́. Owó tí kò bá sí nínú rẹ̀, báǹkì ò gbọdọ̀ gbà á láìjẹ́ pé CBN fọwọ́ sí i. Ibi tí mo ti rí owó gbà jù ni owó ìtọ́jú àkáǹtì kọ́rẹ́ǹtì. Òun ló rọ́pò COT àtijọ́, owó tí báǹkì máa ń yọ lórí owó tó bá jáde nínú àkáǹtì, ní 2016, kò sì gbọdọ̀ ju náírà kan lórí ẹgbẹ̀rún kan. Orí owó tí ẹ̀yin fúnra yín fi ránṣẹ́ sí ẹlòmíì, tàbí sí àkáǹtì yín ní báǹkì mìíràn, ni wọ́n ti lè gbà á. Èlé tí báǹkì yọ fúnra rẹ̀ kò sí lára rẹ̀, owó SMS náà kò sí lára rẹ̀. Tèmi, wọ́n ń gbà á lórí èlé tiwọn. Àkáǹtì ìfowópamọ́ kò sì gbọdọ̀ ní i rárá. Bákan náà ni VAT, 7.5% ni lórí owó iṣẹ́ báǹkì. Bí ẹ bá rí i lórí èlé, ẹ fa ìlà pupa sí i.

Èlé tó ga sí i lẹ́yìn tí ẹ fọwọ́ sí ìwé le díẹ̀. CBN gbé òṣùwọ̀n èlé tirẹ̀ dé 27.5% ní November 2024, àwọn báǹkì sì gbé tiwọn sókè. Lẹ́tà àdéhùn sábà máa ń fún wọn láyè láti ṣe bẹ́ẹ̀, ṣùgbọ́n wọ́n gbọ́dọ̀ sọ fún yín ṣáájú. Ẹ ní kí wọ́n fi ìwé tí wọ́n fi sọ ọ́ hàn yín.

Ìwé kíkọ kò le. Ẹ kọ ọjọ́, iye àti ìdí níkọ̀ọ̀kan, ẹ kọ àpapọ̀ sí ìsàlẹ̀, ẹ mú un lọ, kí wọ́n lu òǹtẹ̀ sórí ẹ̀dà tiyín, kí wọ́n sì fún yín ní nọ́ńbà ìtọpasẹ̀. Láìsí nọ́ńbà yẹn, wọ́n á ní àwọn ò rí yín rí. Bí ọ̀sẹ̀ méjì bá kọjá láìsí ojútùú, ẹ kọ̀wé sí ẹ̀ka tó ń dáàbò bo oníbàárà ní CBN, ní Abuja, cpd@cbn.gov.ng, tàbí kí ẹ mú un lọ sí ẹ̀ka wọn ní Dùgbẹ̀. Lẹ́yìn tí mo ti kọ̀wé síbẹ̀ ni báǹkì mi rántí nọ́ńbà fóònù mi. Wọ́n dá owó ìtanràn padà, wọ́n dá owó ìtọ́jú àkáǹtì padà, wọ́n dá èlé àwọn ọjọ́ tí wọn ò ka owó mi padà. Èlé inú àdéhùn, wọn ò fọwọ́ kàn án.

Ẹ ṣọ́ra fún àwọn tó ń sọ pé àwọn á bá yín gba owó náà kí ẹ fún àwọn ní ìdámẹ́ta. Ohun tí mo kọ sókè yìí náà ni wọ́n máa ṣe. Ẹnikẹ́ni tó bá pè yín pé òun ń pè láti CBN nípa ẹ̀sùn yín, tó ní kí ẹ ka nọ́ńbà tó wọ fóònù yín fún òun, olè ni. Wọ́n ṣe é fún ọ̀rẹ́ mi kan ní Mọ́kọ́lá, wọ́n kó owó ilé ìwé ọmọ rẹ̀ lọ.

Ẹ tún bèèrè bóyá kí ẹ máa darí owó ọjà yín sí báǹkì mìíràn títí wọ́n á fi dáhùn. Ẹ má ṣe é. Èlé ò ní dúró dè yín, tí gbèsè bá sì di èyí tí ẹ kọ̀ láti san, ìlànà GSI tó bẹ̀rẹ̀ ní 2020 fún báǹkì láyè láti tọpasẹ̀ BVN yín, nọ́ńbà ìdánimọ̀ kan ṣoṣo tó so gbogbo àkáǹtì yín pọ̀, kí wọ́n yọ owó tí ẹ yá gan-an àti èlé rẹ̀ láti inú àkáǹtì yín ní báǹkì yòówù. Owó ìtanràn kò sí lára ohun tí wọ́n lè fi GSI yọ, ẹ fi ìyẹn sọ́kàn. Ẹ máa sanwó síbẹ̀, kí ẹ sì máa bá wọn jà lórí ìwé. Bí ẹ bá san án tán, ẹ gba lẹ́tà pé ẹ ò jẹ nǹkan kan mọ́, kí ẹ sì ní kí wọ́n yọ overdraft náà kúrò lórí àkáǹtì. Bí wọ́n bá fi ààlà náà sílẹ̀ lórí ẹ̀rọ, owó SMS lásán lè tún sọ yín di onígbèsè, èlé á sì bẹ̀rẹ̀ lórí rẹ̀.