Àrùn wo ni "Iṣẹ́ loògùn ìṣẹ́" ń wò?

Àbúrò kan ló bi mí. Ó ní ìgbàkígbà tí ẹnìkan bá ti fẹ́ gbàyè ìsinmi ní ọ́fíìsì wọn, òwe yìí ni ọ̀gá àwọn máa ń pa. Owó ń wọlé, ipò ń ga, àmọ́ inú òun kò dùn mọ́. Ṣé lóòótọ́ ni òwe náà ní kéèyàn ṣiṣẹ́ títí á fi dákú?

Irọ́ gbuu! Ó ti sú mi, bí àwọn tó ń kọ́ni ní "àṣeyọrí" ṣe ń fi òwe àwọn àgbà na òṣìṣẹ́ lẹ́gba.

Oògùn ni wọ́n pe iṣẹ́, wọ́n sì dárúkọ àrùn tó ń wò: ìṣẹ́. Ibẹ̀ ni wọ́n dúró sí. Ta ló sọ fún yín pé iṣẹ́ loògùn ìdánìkanwà, tàbí oògùn ilé tí tọkọtaya ti di àlejò ara wọn? Oníṣègùn tó mọṣẹ́ á sọ iye tí a ó lò, á sì sọ ìgbà tí a ó dá a dúró. Àrùn ti lọ, o ṣì ń da oògùn mu lóròòru. Kí lò ń wò? Tèmi ni pé ọ̀pọ̀ àwọn tí ilẹ̀ ń ṣú bá ní ọ́fíìsì ti bọ́ lọ́wọ́ ìṣẹ́ tipẹ́. Ẹ̀rù ìṣẹ́ ló kù lára wọn. Iṣẹ́ kì í wo ẹ̀rù sàn, ńṣe ló máa ń bọ́ ẹ̀rù náà yó.

Oògùn àlòjù, májèlé ni. Lọ́dún 2021, Àjọ Ìlera Àgbáyé àti Àjọ Òṣìṣẹ́ Àgbáyé gbé ìwádìí jáde: ẹni tó ń ṣiṣẹ́ wákàtí 55 tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ lọ́sẹ̀, ewu rọpárọsẹ̀ tirẹ̀ fi nǹkan bí ìdá 35 nínú ọgọ́rùn-ún ju ti ẹni tó ń ṣe wákàtí 35 sí 40. Àwọn àgbà ti sọ tiwọn tipẹ́: ìlera loògùn ọrọ̀. Ìbejì ni òwe méjèèjì, àwa la yà wọ́n. Ara ògiri ọ́fíìsì ni wọ́n ti ń kọ́ òwe báyìí, ẹnikẹ́ni kì í jókòó ti àgbàlagbà mọ́. Bi wọ́n ní èkejì, wọn a máa wò ọ́ bọ̀ọ̀.

Wọ́n á tún ní ẹni tó máa jẹ oyin inú àpáta kì í wo ẹnu àáké. Ó dáa, ẹni tó fẹ́ oyin nìyẹn. Ṣé oyin ló wu ìwọ?

Mi ò ní kí o kọ̀wé fiṣẹ́ sílẹ̀ lọ́la o. Orí bíbẹ́ kọ́ loògùn orí fífọ́. Dín in kù ni. Bí ọ̀gá bá tún pòwe ẹ̀, rọra wí pé, "Tótó ó ṣe bí òwe, ìlera loògùn ọrọ̀." Bó bá jẹ́ ẹni tó gbọ́ òwe, á ní wàá rí òmíràn pa.