Ológbò Tí Kò Fẹnu Kan Oúnjẹ

Ìbéèrè: Láti ìjẹta ni ológbò mi kò ti jẹun. Ṣé kí n fún un ní parasitamó? — Òǹkàwé, Ìtòkò, Abẹ́òkúta

Ìdáhùn: Ẹ jọ̀wọ́, ẹ má fún un rárá! Ìwọ̀nba díẹ̀ parasitamó lè pa ológbò. Ẹ gbé e lọ sọ́dọ̀ dókítà ẹranko lónìí. FUNAAB, ìyẹn yunifásítì iṣẹ́ àgbẹ̀ tó wà ní Abẹ́òkúta, ní ilé ìwòsàn ẹranko. Bí ológbò kò bá jẹun fún bí ọjọ́ 2 sí 3, pàápàá èyí tó sanra, ọ̀rá ara rẹ̀ á máa ya lọ sínú ẹ̀dọ̀, ẹ̀dọ̀ á sì daṣẹ́ sílẹ̀. Kí ẹ tó lọ, ẹ bọ ẹja láìfi iyọ̀, ata tàbí àlùbọ́sà sí i, ẹ yọ eegun rẹ̀, ẹ gbé e fún un ní lílọ́wọ́ọ́wọ́ kó lè gbóòórùn rẹ̀. Bí imú ológbò bá dí, kì í fẹ́ jẹun. Ẹ má rọ ọ́ lómi. Omi náà lè gba inú ẹ̀dọ̀fóró rẹ̀ lọ.