Àgbọ̀nrín méjì lẹ́yìn píkọ́ọ̀pù: ṣé ìrìn wákàtí mẹ́ta ti sọ wọ́n di òkúǹbete?

ÌBÉÈRÈ: Asalaamu alaykum Ààfáà wa. Chicago ni mò ń gbé. Lóṣù November tó kọjá, ọ̀gbẹ́ni kan tá a jọ ń ṣiṣẹ́, Kìrìsìtẹ́nì ni, mú mi lọ sígbó ọdẹ ní Wisconsin, mo gba láíséǹsì, ohun gbogbo pé. Ọwọ́ ìrọ̀lẹ́ ni mo rí akọ àgbọ̀nrín kan, mo ṣe bísímíláì, mo yìnbọn, ó bà á, ẹran sá wọgbó. A tọ ẹ̀jẹ̀ rẹ̀ lọ, ó tó nǹkan bí ogójì ìṣẹ́jú ká tó rí i, ó ti kú. A tú inú ẹ̀ níbẹ̀. Ọ̀rẹ́ mi náà pa tiẹ̀, ó ní kí n máa gbé e lọ torí fírísà òun ti kún. Mo kó méjèèjì sẹ́yìn píkọ́ọ̀pù mi tòun ti orí tòun ti ìwo, mo fi tapólì dì wọ́n pinpin, mo sì wa ọkọ̀ wálé fún wákàtí mẹ́ta. Mo dúró lọ́nà kírun Ìṣáì, àárọ̀ ọjọ́ kejì ni mo tó rí i pé ẹ̀jẹ̀ ti gbẹ sára jákẹ́ẹ̀tì mi, ó tún ti ṣàn kan ẹní ìkírun tí mo ká sẹ́gbẹ̀ẹ́ ẹran. Ìyàwó mi ní òun ò ní fọwọ́ kàn án, pé a ò dúńbú ẹ̀, òkúǹbete ni, àti pé kéèyàn máa gbé òkú ẹran kiri nínú mọ́tò gan-an ò bójú mu. Ẹ jọ̀ọ́ ẹ là á yé wa.

ÌDÁHÙN: Wa alaykumu salaam arákùnrin mi. Àrìnpa ọdẹ o, bí wọ́n ṣe ń kí ọdẹ nílé, ẹ sì kú ewu ọ̀nà.

Ẹ má bá ìyàwó yín jà. Ibi tí ọ̀rọ̀ ẹ̀ ti wá ò jìnnà, àwa tí wọ́n bí sílé Mùsùlùmí, ọ̀bẹ la mọ̀, kí wọ́n kọjú ẹran sí Kíbúlà, kí wọ́n pe bísímíláì, kí wọ́n dú u, ẹran tí ọ̀bẹ ò bá ti kàn lọ́rùn a ti kọ̀ ọ́ nìyẹn. Ṣùgbọ́n ẹran ilé ló nìyẹn o, màlúù, àgbò, adìẹ, ẹran tó wà níkàáwọ́ èèyàn. Ẹran ìgbẹ́ tí ò ṣeé mú, tó jẹ́ pé tó bá gbóòórùn yín báyìí ó ti dé odò kejì, gbogbo ara ẹ̀ lọrùn. Ibi tí ohun ìjà bá ti wọlé, tó ya á lára, tí ẹ̀jẹ̀ jáde, tí ẹ ti dárúkọ Ọlọ́hun kí ẹ tó yìn ín, ibẹ̀ lẹ ti dú u. Ẹni tó bi Ànábì (kí ìkẹ́ àti ọlà Ọlọ́hun máa bá a) léèrè èyí ni Adiyyu ọmọ Hatim, ọdẹ pọ́ńbélé ni, ó bi í nípa ajá, ó bi í nípa ọfà, ó bi í nípa igi tí wọ́n ń jù lu ẹran. Ànábì ní èyí tí igi náà bá fi ẹnu mímú ẹ̀ gún, jẹ ẹ́, èyí tó bá fi ẹ̀gbẹ́ lù pa, má jẹ ẹ́, ìyẹn ti wọ inú ẹran tí wọ́n lù pa tí Súratul Máídà ẹsẹ 3 ṣe léèwọ̀. Bukhari àti Muslim, àwọn tó kó hádíìsì jọ, gbà á wá.

Ọta ìbọn ńkọ́? Àwọn kan láyé àtijọ́ kọ̀ ọ́ nítorí pé òkò amọ̀ tí wọ́n máa ń jù ni wọ́n fi wé, òkò sì ń lù ni, kì í gún nǹkan. Àmọ́ Imaamu Shawkani ará Yemen, tó kú ní 1834, sọ pé ìbọn yìí tuntun ni, ó ní ilẹ̀ àwọn ò mọ̀ ọ́n àfi ní ọ̀rúndún kẹwàá Hijira, ìdí nìyẹn tí àwọn àgbà ìṣáájú ò fi sọ̀rọ̀ lé e lórí, ó sì ní níwọ̀n ìgbà tí ọta ń gún ẹran wọlé tó ń jáde lódìkejì, haláàlì ni. Bẹ́ẹ̀ náà ni ọ̀pọ̀ onímímọ̀ Málíkì, àwọn tó ń tọ ìlànà Ìmọ́ọ̀mù Málíkì, tó dé lẹ́yìn wí. Nítorí náà àgbọ̀nrín tẹ́ ẹ fọwọ́ ara yín pa, haláàlì ni. Ogójì ìṣẹ́jú ò bà á jẹ́, ẹ tọ ipa ẹ̀jẹ̀ ẹ̀ ni, ẹ ò rí ọgbẹ́ mìíràn lára ẹ̀. Tó bá jẹ́ pé ó sùn síbẹ̀ mọ́jú ni, ẹnu ò kò lórí ẹ̀, àwọn Málíkì ò ní fẹ́ kẹ́ ẹ jẹ ẹ́, àwọn mìíràn á ní ẹ lè jẹ ẹ́ tó bá jẹ́ ojú ọgbẹ́ yín nìkan lẹ rí. Tẹ́ ẹ bá sì bá a láàyè tó ń mí, tí àyè ọ̀bẹ wà, ọ̀bẹ ti di dandan nìyẹn. Kí ọ̀bẹ má jìnnà sí yín nígbó láé.

(Ẹran tí wọ́n ń pè ní white-tailed deer yẹn kì í ṣe àgbọ̀nrín tiwa gan-an o. Ìwo tiẹ̀ ń já bọ́ lọ́dọọdún kí òmíràn tó hù, ti àgbọ̀nrín wa nílé kì í já. Àmọ́ jíjẹ ni jíjẹ àwọn méjèèjì, ẹ máa pè é bẹ́ẹ̀.)

Ẹ̀yin ò béèrè nípa èkejì púpọ̀ ṣùgbọ́n ibẹ̀ gan-an lọ̀rọ̀ wà. Oúnjẹ àwọn tí wọ́n fún ní Tírà, ìyẹn Júù àti Kìrìsìtẹ́nì, jẹ́ haláàlì fún wa, Máídà ẹsẹ 5 ló wí bẹ́ẹ̀. Ẹran tí Kìrìsìtẹ́nì bá fi ọ̀bẹ dú, kò sí ariwo púpọ̀ níbẹ̀. Èyí tó bá yìnbọn pa nígbó ńkọ́? Ìmọ́ọ̀mù Málíkì, tí àwa ọmọ Yorùbá ń tọ̀ lẹ́yìn jù, ya méjèèjì sọ́tọ̀, ó gba èyí tí wọ́n dú, kò gba èyí tí wọ́n ṣọdẹ ẹ̀, ó ní ẹsẹ 94 nínú Máídà kan náà dárúkọ ẹran ọdẹ tí “ọwọ́ yín àti ọ̀kọ̀ yín” bá tó, àwa onígbàgbọ́ ló sì ń bá sọ̀rọ̀. Àwọn ìmọ́ọ̀mù mẹ́ta yòókù tí Mùsùlùmí ń tọ̀ lẹ́yìn ò ya wọ́n sọ́tọ̀, wọ́n ní bó ṣe lè fi ọ̀bẹ dú náà ló ṣe lè fi ọfà pa. Èmi ò lè parọ́ fún yín, ọ̀rọ̀ àwọn tó pọ̀ yẹn fẹsẹ̀ múlẹ̀ lójú tèmi, ẹni tó bá jẹ ẹ́ mi ò ní bá a wí. Ṣùgbọ́n nínú ilé tí ìyàwó ti ń ṣiyèméjì lórí èyí tí ọkọ fúnra ẹ̀ pa, kí lẹ tún fẹ́ fi èyí tí ọ̀gbẹ́ni pa dá sílẹ̀? Ẹ dá a padà fún un tàbí kẹ́ ẹ fún ará àdúgbò tó fẹ́. Tẹ́ ẹ bá ti gé méjèèjì sí ọ̀rá tẹ́ ẹ ti kó o pọ̀ sínú fírísà, tẹ́ ẹ ò dá èwo lèwo mọ̀ mọ́, ẹ mú ti àwọn tó pọ̀, ẹ jẹun yín. Lọ́jọ́ mìíràn kẹ́ ẹ fi máákà kọ ọ́ sára ọ̀rá.

Pé ẹ gbé èyí tí ọ̀gbẹ́ni yẹn pa sínú ọkọ̀ yín, ìyẹn ò lẹ́ṣẹ̀. Àwọn kan máa ń fi ti ọtí wé e, torí hádíìsì wà pé Ànábì ṣẹ́bi fún èèyàn mẹ́wàá lórí ọtí, ẹni tó ń gbé e wà lára wọn. Ọtí ló nìyẹn. Àgbọ̀nrín kì í ṣe ọtí.

Àti gbígbé òkú ẹran kiri yìí, ta ló ní kò bójú mu? Àwọn sàhábé gbé e. Lọ́dún Hudaybiyya, nígbà tí wọ́n ń lọ ṣe Umra ní Mẹ́kà, Abu Qatada nìkan ni kò wọ aṣọ ìhúráámù, èyí tí ẹni tó bá wọ̀ ọ́ kò gbọdọ̀ ṣọdẹ, láàárín àwọn ẹgbẹ́ ẹ̀, ló bá rí kẹ́tẹ́kẹ́tẹ́ inú igbó, ó lé e bá, ó pa á. Wọ́n jẹ nínú ẹ̀, àyà wọn wá já pé ṣé àwa tá a wà nínú ìhúráámù lè jẹ ẹran ọdẹ? Wọn ò dà á nù o, wọ́n gbé èyí tó kù rìn títí wọ́n fi bá Ànábì. Ó bi wọ́n pé ṣé ẹnikẹ́ni nínú yín ló rán an tàbí ló nàka ẹran náà sí i? Wọ́n ní rárá. Ó ní ẹ jẹ èyí tó kù, ó tún béèrè bóyá wọ́n ní nǹkan lọ́wọ́, wọ́n fún un ní apá ẹran náà, ó jẹ ẹ́. Wọ́n gbé tiwọn, píkọ́ọ̀pù ló gbé tiyín. Ní Òkè-Ògùn lọ́hùn-ún, tàǹkì ọ̀kadà ni wọ́n máa ń dá ẹtu lé, orí á máa mì lápá kan, ẹsẹ̀ á máa mì lápá kejì, ọlọ́dẹ á jókòó sẹ́yìn ẹ̀ tìbọntìbọn.

Ẹ̀jẹ̀ ló kàn. Ẹ̀jẹ̀ tó ṣàn jáde látojú ọgbẹ́, àtèyí tó gbá jọ sínú igbá àyà ẹran tẹ́ ẹ tú, ẹ̀gbin ni, òun ni Súratul An'aam ẹsẹ 145 pè ní ẹ̀jẹ̀ tó ń ṣàn. Ẹ bu omi sí ẹ̀yìn píkọ́ọ̀pù, ẹ fọ̀ ọ́ títí àwọ̀ àti òórùn ẹ̀ á fi lọ, ẹ fọ ẹní ìkírun náà, tí àbàwọ́n bá kọ̀ tí ò lọ lẹ́yìn tẹ́ ẹ ti fọ̀ ọ́ dáadáa, ẹ fi sílẹ̀, a ti mójú kúrò níbẹ̀. Omi pupa rẹ́súrẹ́sú tó ń jáde lára ẹran tẹ́ ẹ bá gé e, tó ń dúró sísàlẹ̀ kúlà, ìyẹn kì í ṣe ẹ̀jẹ̀ tó ń ṣàn, ẹ má fìyà jẹ ara yín lórí ẹ̀. Ìrun Ìṣáì tẹ́ ẹ kí pẹ̀lú jákẹ́ẹ̀tì ẹlẹ́jẹ̀, ẹ ò mọ̀, ilẹ̀ sì ti mọ́ kẹ́ ẹ tó mọ̀, kò sí àtúnkí lọ́rùn yín. Ká ní ẹ rí i lóru ọjọ́ yẹn kí Àsúbà tó wọlé ni, à bá ní ó dáa kẹ́ ẹ tún un kí. Ànábì gan-an wà lórí ìrun nígbà tí Jibril sọ fún un pé ìdọ̀tí wà lára bàtà ẹ̀, ó bọ́ bàtà, ó ń bá ìrun ẹ̀ lọ, kò bẹ̀rẹ̀ látìbẹ̀rẹ̀. Ẹ̀jẹ̀ tó bá kàn yín ò sì ba àlùwàlá jẹ́.

Ibi tí mo ti fẹ́ bá yín wí díẹ̀ rèé. Ẹ ní ẹ fi tapólì dì í pinpin. Ẹran tí ara ẹ̀ ṣì gbóná, tó tóbi tó yẹn, tó lè tó ọgọ́rin kílò, ẹ wá dì í bí ọ̀lẹ̀, ooru inú ẹ̀ ò ríbi jáde, ibi itan ló ti kọ́kọ́ ń bàjẹ́, lẹ́gbẹ̀ẹ́ eegun, òde á tutù, inú á ti máa rùn. Ànábì sọ fún Abu Sa'laba pé ẹran tó bá ta lọ́fà tó tún wá rí lẹ́yìn ìgbà náà, kó jẹ ẹ́ níwọ̀n ìgbà tí kò bá tíì rùn. Muslim ló gbà á wá. Àwọn onímímọ̀ ní tí òórùn náà bá ti dé ibi tó lè pani lára, ó ti di haráàmù nìyẹn. Nítorí náà ẹ gbé imú súnmọ́ ibi itan, tó bá ń rùn, ẹ dà á nù, ẹ̀bi ìdìpọ̀ yín ni, kì í ṣe ẹ̀bi ìbọn. Lọ́jọ́ mìíràn, tẹ́ ẹ bá ti tú inú ẹ̀ tán, ẹ fi igi kékeré la igbá àyà ẹ̀ sílẹ̀ kí atẹ́gùn wọlé, ẹ kó áìsì sínú ọ̀rá kẹ́ ẹ tì í síbẹ̀, kó má jẹ́ pé omi áìsì ló ń rẹ ẹran, ẹ má sì tẹ́ ẹ sórí bọ́nẹ́ẹ̀tì bíi tàwọn ará àtijọ́, ooru ẹ́ńjìnnì á ṣe é jinná ní àìsè. Tójú ọjọ́ bá ti kọjá dígírì 4 ti Celsius, ẹ má lọ́ra lọ́nà.

Ti òfin ńkọ́? Ẹsẹ tó ṣí Súratul Máídà gan-an, ọ̀rọ̀ àkọ́kọ́ tó sọ fún onígbàgbọ́ ni pé kí wọ́n mú àdéhùn ṣẹ, lẹ́yìn ẹ̀ ló tó bọ́ sórí ẹran àti ọdẹ. Láíséǹsì tẹ́ ẹ fọwọ́ sí, àdéhùn ni. Wisconsin ní kẹ́ ẹ forúkọ ẹran sílẹ̀ kó tó di aago 5 ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ kejì, lórí fóònù tàbí íntánẹ́ẹ̀tì, mo nírètí pé ẹ ṣe é. Àti orí àti eegun ẹ̀yìn tẹ́ ẹ gbé kọjá ààlà yẹn, àìsàn kan wà tí wọ́n ń pè ní CWD, ọdún 1967 ni wọ́n kọ́kọ́ kíyè sí i ní Colorado, ó dé Wisconsin ní 2002, ó máa ń jẹ ọpọlọ ẹran náà títí á fi rù kan eegun, á máa ta gọ́ọ́gọ́ọ́. Inú ọpọlọ àti ọ̀pá ẹ̀yìn ló pọ̀ sí jù, ìdí nìyẹn tí ọ̀pọ̀ ìpínlẹ̀ ò fi fẹ́ kí ẹran odindi wọlé, ẹran tí wọ́n ti bọ́ eegun ẹ̀ kúrò tàbí itan àti apá lásán ni wọ́n ń gbà. Ẹ wo òfin Illinois, ìpínlẹ̀ tí Chicago yín wà, kẹ́ ẹ tó tún gbéra. Kò tíì sí èèyàn tí wọ́n mọ̀ pé ó kó o, àmọ́ àwọn dókítà ìjọba ní kẹ́ ẹ má jẹ èyí tí àyẹ̀wò bá mú, ní Wisconsin sì rèé ọ̀fẹ́ ni àyẹ̀wò yẹn. Tórí ẹran bá ṣì wà lọ́wọ́ yín, ẹ pè wọ́n kẹ́ ẹ tó gbé ìkòkò kaná.

Tí èsì bá dáa tí ìyàwó yín ṣì kọ̀, ẹ fi í sílẹ̀. Wọ́n gbé alángbá ńlá inú aṣálẹ̀ tí wọ́n yan síwájú Ànábì rí, ó fà sẹ́yìn, Khalid ọmọ al-Walid bi í pé ṣé haráàmù ni, ó ní rárá, kò sí nílẹ̀ àwọn èèyàn òun ni, ara òun ò gbà á. Khalid fà á sọ́dọ̀, ó jẹ ẹ́, Ànábì ń wò ó. Ẹ wọ kíṣìnnì kẹ́ ẹ se tiyín fúnra yín, ẹ kàn má lo ìkòkò ọbẹ̀ ìyàwó yín kẹ́ ẹ tó tọrọ ẹ̀.