Fọ́tò pé, iṣẹ́ ló sọnù

Ẹ kú iṣẹ́ o, arábìnrin. Ẹ ní ẹ fẹ́ kó fọ́tò yín kúrò lórí láptọ́ọ̀pù Windows tó ti gbó lọ sórí Mac tí ẹ ṣẹ̀ṣẹ̀ rà, pé Lightroom Classic, software tá a fi ń to fọ́tò tá a sì fi ń tún un ṣe, lẹ ń lò, ẹ ò sì fẹ́ kí ìràwọ̀, kíwọ́ọ̀dù àti Collections (àwọn àkójọ fọ́tò tí ẹ yàn sọ́tọ̀) tí ẹ ti fi ọdún mẹ́fà tò sọnù. Ó ṣeé ṣe. Ṣùgbọ́n ẹ jẹ́ kí n kọ́kọ́ sọ ohun tí ojú mi rí, torí ohun tí mo mọ̀ lórí ọ̀rọ̀ yìí, owó àti oorun ni mo fi rà á.

Ìbàdàn ni mo ti ń ya fọ́tò ìgbéyàwó. Láptọ́ọ̀pù mi kún, ó ń wọ́ bí ìgbín, mo bá gbé e lọ bá ẹnì kan tó ń tún kọ̀ǹpútà ṣe, pé kó bá mi kó fọ́tò inú rẹ̀ sórí háàdì díráìfù tuntun kí àyè lè wà. Ó pè mí lálẹ́: "Ọ̀gá, fọ́tò yín pé, ẹyọ kan ò dín." Òótọ́ ló sọ. Mo ṣí Lightroom, àmì ìbéèrè wà lára àwọn fódà, ìyẹn ni pé kò rí wọn mọ́ níbi tó mọ̀ wọ́n sí. Mo gbé e padà lọ. Kò bi mí ní nǹkan kan. Fódà ńlá tí àwọn fọ́tò wà tẹ́lẹ̀ ṣì wà lórí ẹ̀rọ, òfìfo. Ó tẹ Synchronize Folder lórí rẹ̀, ó fi àmì sí Remove missing photos from catalog (pé kó yọ fọ́tò tí kò bá rí kúrò nínú àkọsílẹ̀ rẹ̀), ó tẹ̀ ẹ́. Àmì ìbéèrè lọ. Ó wá fi Import kó àwọn fọ́tò kan náà wọlé látinú díráìfù tuntun. Gbogbo wọn wọlé bí àlejò tí ẹnikẹ́ni ò mọ̀ rí: kò sí ìràwọ̀, kò sí kíwọ́ọ̀dù, Collections ṣófo.

Ìgbéyàwó kan wà níbẹ̀ tí mo ya fọ́tò 3,400. Èmi, ìyàwó àti màmá rẹ̀ ti jókòó ní odindi ọ̀sán, a yan 212, mo fi ìràwọ̀ márùn-ún sí wọn. Mo padà lọ bẹ màmá pé kí wọ́n bá mi tún un yàn. Wọ́n wò mí. "Èyí tí gèlè mi ti dúró dáadáa yẹn ńkọ́?" Mo ṣí ibẹ̀. Mọ́kànlá ni, gèlè kan náà, ẹ̀rín kan náà, èmi fúnra mi ò mọ èyí tá a mú. Òru méjì ni mo fi tún gbogbo ẹ̀ ṣe, jẹnẹrétọ̀ ń ké lẹ́yìn fèrèsé. Nígbà tí mo bi ẹni yẹn léèrè ohun tó ṣe, ó ní software ló ṣe é. Ẹni tí kò to fọ́tò rí, fáìlì lásán ni gbogbo nǹkan lójú ẹ̀, ó sì máa ń yá a lára láti tẹ bọ́tìnnì tí kò ka ohun tí wọ́n kọ sí i.

Ẹ lè ní kí ló dé tí mi ò fi da ti àtijọ́ padà. Torí pé bí mo bá ti ń ti Lightroom, tó bá béèrè pé ṣé kí òun ṣe backup, Skip ni mo máa ń tẹ̀. Èyí tó gbẹ̀yìn ti pé oṣù márùn-ún. Ẹ má tẹ Skip mọ́ o. Kí ẹ sì mọ̀ pé backup yẹn kò ní fọ́tò kankan nínú, kátálọ́ọ̀gì nìkan ni.

Kátálọ́ọ̀gì yẹn gan-an ni ọ̀rọ̀ wà. Lightroom kì í gbé fọ́tò mì. Ó kàn ń kọ ibi tí wọ́n wà àti ohun tí ẹ ṣe sí wọn sínú fáìlì kan tí orúkọ rẹ̀ parí sí .lrcat. Ẹ wo Catalog Settings, á fi ibi tó wà hàn yín. Àwọn kan á ní kí ẹ kàn mú gbogbo fọ́tò, kí ẹ tẹ Ctrl+S kó lè kọ ohun tí ẹ ṣe sára fọ́tò fúnra rẹ̀, ó parí. Ẹ ṣe é, ó dára: ìràwọ̀ àti kíwọ́ọ̀dù á wọ inú JPEG, ti RAW (fáìlì tútù tó wá látinú kámẹ́rà) á wà nínú fáìlì .xmp lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀. Ṣùgbọ́n Collections kì í bá a lọ, Virtual Copies, ẹ̀dà fọ́tò tí kò ní fáìlì tirẹ̀, náà kì í lọ. Inú .lrcat nìkan ni wọ́n ń gbé.

Díráìfù tí ẹ máa fi kó wọn, exFAT ni kó jẹ́; exFAT, NTFS àti FAT32, ọ̀nà tí wọ́n gbà ṣètò díráìfù láti gba fáìlì ni wọ́n. Mac máa ń ka NTFS, kì í kọ sí i. FAT32 kì í gba fáìlì tó ju 4GB lọ, fídíò ìjó yín á há sọ́nà. Ẹ má sì fi WhatsApp gbé fọ́tò kankan, á fún un pọ̀, á sì yọ ọjọ́ tí ẹ yà á kúrò.

Ẹ̀n-ẹ́n, Mac lẹ béèrè. Ẹ ti Lightroom pa pátápátá, ẹ kó fódà tí .lrcat wà pẹ̀lú gbogbo ohun tó yí i ká, ẹ kó fọ́tò bí ẹ ṣe tò wọ́n, ẹ má yí orúkọ fódà kankan padà. Lórí Mac, ẹ tẹ .lrcat náà lẹ́ẹ̀mejì. Àmì ìbéèrè á yọ. Ẹ má bẹ̀rù. Ẹ tẹ Show Parent Folder títí fódà tó ga jù á fi hàn, ẹ yan Find Missing Folder lórí rẹ̀, ẹ fi ibi tuntun hàn án, àwọn tó wà lábẹ́ rẹ̀ á tẹ̀lé e. Presets yín, àwọn àtúnṣe tí ẹ ti tọ́jú láti máa lò lórí fọ́tò míì, lè wà níbòmíì, ẹ wá wọn lọ́tọ̀.

Kí ẹ tó kó ohunkóhun, ẹ kọ iye tó wà ní All Photographs sórí bébà, pẹ̀lú iye inú Collections méjì mẹ́ta. Bí iye orí Mac bá yàtọ̀, ẹ má tẹ nǹkan kan. Láptọ́ọ̀pù àtijọ́ yẹn, ẹ má tíì tà á.