Amúlétutù fún ilé màmá ní Àjàṣẹ́: ẹ fi ẹ̀rọ ńlá inú àjà sílẹ̀, ẹ ra split

Ẹ̀gbọ́n wa ní Maryland, Amẹ́ríkà, ẹ kú iṣẹ́ ilé, Ọlọ́run á jẹ́ kí màmá jẹ èrè ọmọ pẹ́. Nínú ìbéèrè yín, ẹ ní ilé àtijọ́ oníyàrá mẹ́fà tí bàbá àgbà yín fi sílẹ̀ ní Àjàṣẹ́ (Porto-Novo, ní Bẹ̀nẹ̀) ni ẹ ń tún ṣe, pé màmá àti ọmọ kan tí ń bá wọn gbé nìkan ló wà níbẹ̀, àfi nígbà tí ẹbí bá pé jọ. Ẹ fẹ́ mọ̀ bóyá ẹ lè kó irú ẹ̀rọ amúlétutù tí ó wà nílé yín sínú kọ̀ńténà wá, ìyẹn ẹ̀rọ ńlá kan ṣoṣo tí ń fẹ́ afẹ́fẹ́ tútù gba inú ọ̀nà páànù tí wọ́n tẹ́ sínú àjà dé gbogbo yàrá. Èmi kì í ṣe frigoriste, ìyẹn oníṣẹ́ ẹ̀rọ amúlétutù, ṣùgbọ́n mo ti dúró ti iṣẹ́ amúlétutù ní ilé mẹ́ta fún àwọn ẹbí tí ó wà lókè òkun, méjì níhìn-ín ní Àjàṣẹ́, ọ̀kan ní Kétu ti Bẹ̀nẹ̀. Ìmọ̀ràn mi ni pé kí ẹ fi ẹ̀rọ ńlá náà sílẹ̀, kí ẹ ra split fún yàrá tí ènìyàn ń lò gan-an.

Split yìí ni gbogbo ènìyàn ń pè ní clim nílé wa. Ọ̀nà méjì ni ó pín sí: apá kan wà lára ògiri nínú yàrá, apá kejì tí ó ní kọ̀mpírẹ́sọ̀ wà níta, pàìpù bàbà méjì tín-ín-rín, wáyà iná àti ọ̀pá tí omi ń gbà jáde ni ó sì so wọ́n pọ̀. Ihò kan ṣoṣo tí ìbú rẹ̀ kò ju nǹkan bíi sẹ̀ǹtímítà 7 lọ ni wọn yóò lu sí ògiri. Fún irú ilé tiyín, èyí nìkan ti tó ìdí. Ilé tí àwọn Àgùdà, àwọn tí ó ti Brazil padà wá, fi sílẹ̀ fún wa ní ògiri amọ̀ tí ó nípọn, àjà pákó tí ó ga, àti fèrèsé onípákó. Ẹni tí ó bá fẹ́ tẹ́ ọ̀nà páànù sínú rẹ̀ ní láti tú àjà yẹn, kí ó sì kan àjà mìíràn sí ìsàlẹ̀ rẹ̀ láti fi bo páànù náà, ẹwà ilé á sì lọ. Ẹ tún rántí àwọn tí ń gbé inú àjà wa. Bí eku tàbí àdán bá ríhò wọ ọ̀nà páànù, ilé ti di tiwọn nìyẹn, eruku àti òórùn wọn ni ẹ̀rọ yóò sì máa fẹ́ sí màmá lójú.

Ìdí tí ó tóbi jù ni ti iná. Ẹ̀rọ tí yóò mú ilé oníyàrá mẹ́fà tutù lápapọ̀ lè tó BTU 48,000 (BTU ni òṣùwọ̀n agbára tí ẹ̀rọ fi ń mú yàrá tutù), nígbà tí yàrá tí màmá ń sùn sí kò nílò ju BTU 9,000 lọ. Ó lé ní ìlọ́po márùn-ún. Bí ẹ bá ń fi ẹ̀rọ ńlá mú ilé tutù, yàrá mẹ́rin tí kò sí ẹnikẹ́ni nínú wọn ni ẹ ó máa sanwó iná fún, àti gbogbo ọ̀dẹ̀dẹ̀. Lọ́dọ̀ yín níbẹ̀ pàápàá, ENERGY STAR, ètò ìjọba Amẹ́ríkà lórí ìlò iná, sọ pé nǹkan bí ìdá 20 sí 30 nínú ọgọ́rùn-ún afẹ́fẹ́ tí ń gba ọ̀nà páànù kọjá ni ó ń jò dànù ní ojú oríkèé àti ihò. Split kò ní ọ̀nà tí nǹkan lè gbà jò bẹ́ẹ̀: inú yàrá ni afẹ́fẹ́ ti ń tutù, inú yàrá náà ni ó ń dúró sí. Bí ọ̀kan bá sì bàjẹ́, màmá lè sún lọ sí yàrá kejì, ṣùgbọ́n bí ẹ̀rọ ńlá bá dákẹ́, ilé gbogbo ló gbóná. Ẹ sì lè rà wọ́n díẹ̀díẹ̀, èyí tí ó rọrùn fún ẹni tí ń fi owó oṣù tún ilé ṣe: yàrá màmá lọ́dún yìí, yàrá ìgbàlejò lẹ́yìn ìgbà náà, yàrá àlejò nígbà tí Ọlọ́run bá fẹ́.

Ní ti kọ̀ńténà, ẹ jọ̀wọ́, ẹ má kó amúlétutù kankan láti Amẹ́ríkà wá. Iná Amẹ́ríkà ń gbọ̀n ní ìgbà 60 láàárín ìṣẹ́jú àáyá kan, tiwa jẹ́ ìgbà 50. Ẹ̀rọ tí a ń fi yí fóltì padà kò lè yí èyí padà, mọ́tọ̀ tí wọ́n ṣe fún 60 yóò sì lọ́ra, yóò gbóná ju bí ó ti yẹ lọ lórí 50. Àwọn ará wa tí ó wà ní Faransé tàbí Jámánì kò ní ìṣòro yìí, nítorí iná tiwọn bá tiwa mu, ṣùgbọ́n èmi kò rí ìdí tí wọ́n fi ní láti fi owó ọkọ̀ òkun gbé ohun tí ó wà lọ́jà ní Kùtọnu. Tòkunbọ̀ náà ni mo sá fún. Àwọn kan nínú èyí tí ń ti Yúróòpù bọ̀ jẹ́ èyí tí gáàsì wọn jẹ́ R22, gáàsì tí ń ba ààbò ozone jẹ́, tí Àdéhùn Montreal, àdéhùn àgbáyé lórí ozone, fi sórí àwọn ohun tí a ó mú kúrò nílò. Ní Yúróòpù, láti 2015 ni kò ti sí ẹni tí ó gbọdọ̀ fi gáàsì yìí tún ẹ̀rọ ṣe mọ́. Ohun tí wọ́n jù sílẹ̀ ni wọ́n ń kó wá tà fún wa. Ẹ wá èyí tí gáàsì rẹ̀ jẹ́ R32 tàbí R410A, kí ó sì jẹ́ inverter. Inverter yìí ni ó ń dín eré kọ̀mpírẹ́sọ̀ kù nígbà tí yàrá bá ti tutù, kàkà kí ó máa kú kí ó máa jí. Iná tí ó ń jẹ kéré, kì í sì pariwo lóru. Àṣẹ ìjọba Bẹ̀nẹ̀ kan ti wà láti 2018 lórí àmì tí ń fi hàn bí amúlétutù ṣe ń jẹ iná sí, nítorí náà kí ẹni tí ẹ bá rán lọ sọ́jà ya fọ́tò àmì yẹn ránṣẹ́ sí yín kí ó tó sanwó.

Ìwọ̀n yàrá ṣe pàtàkì ju orúkọ ilé iṣẹ́ tí ó ṣe ẹ̀rọ lọ. Nílé wa, àwọn ọlọ́jà ń fi CV (cheval-vapeur, agbára ẹṣin) pe agbára ẹ̀rọ: CV kan jẹ́ BTU 9,000, ó sì tó yàrá tí kò ju mítà onígun mẹ́rin 15 lọ, CV kan àti ààbọ̀ jẹ́ 12,000, fún nǹkan bíi 20, CV méjì jẹ́ 18,000, fún nǹkan bíi 30. Èyí jẹ́ fún yàrá tí ó ní àjà. Ilé tí mo bójú tó ní Kétu kò ní àjà rárá, páànù lásán ni ó wà lókè, oòrùn ọ̀sán sì ń bọ́ sára ògiri kan. A kọ́kọ́ fi CV kan sí yàrá kékeré níbẹ̀, ẹ̀rọ ń pariwo láti òwúrọ̀ dé alẹ́, yàrá kò tutù. Ìgbà tí a kan àjà sí i ni ó tó ṣiṣẹ́, owó àjà náà sì kéré sí ti ẹ̀rọ tuntun. Ẹ má sì rò pé èyí tí ó tóbi ju yàrá lọ ló dára. Àjàṣẹ́ wà létí ọ̀sà, ọ̀rinrin afẹ́fẹ́ ni ó ń da ènìyàn láàmú jù níbí. Ẹ̀rọ tí ó bá tóbi jù á mú yàrá tutù kíá, á sì dúró kí ó tó fa ọ̀rinrin kúrò, ibùsùn á wá tutù bí ẹni pé omi ta sí i. Ní Sábẹ àti Kétu, tí ó jìnnà sí òkun, ọ̀rọ̀ ọ̀rinrin kò le tó bẹ́ẹ̀ nígbà ọyẹ́, eruku ni wàhálà tiwọn.

Fèrèsé onípákó yẹn ní àléébù kan tí n kò lè fi pa mọ́ fún yín: afẹ́fẹ́ tútù ń gba àárín pákó rẹ̀ jáde. Ẹ jẹ́ kí káfíńtà fi gíláàsì sí i láti inú wá, kí pákó náà dúró níta bí ó ti wà. Láìjẹ́ bẹ́ẹ̀, ìta ni ẹ ń mú tutù.

Kí ẹ tó ra ohunkóhun, kí ẹnìkan lọ wo compteur (mítà iná) SBEE, ilé iṣẹ́ mànàmáná Bẹ̀nẹ̀, tí ó wà nílé. Ìwọ̀n áńpíà tí wọ́n kọ sínú àdéhùn ilé àtijọ́ sábà máa ń kéré, bí amúlétutù bá sì bẹ̀rẹ̀ nígbà tí firíìjì àti áyọ́ọ̀nù ń ṣiṣẹ́, iná á já. Ẹ lè béèrè fún àfikún lọ́wọ́ SBEE. Amúlétutù kọ̀ọ̀kan gbọ́dọ̀ ní wáyà tirẹ̀ láti orí tábìlò (pátákó tí wáyà iná ilé ti pín), tí kì í ṣe èyí tí ó bá príìsì (ojú iná) mìíràn pín, pẹ̀lú disjoncteur (ohun tí ń já iná bí ó bá pọ̀ jù) tirẹ̀ àti wáyà ilẹ̀; mílímítà onígun mẹ́rin 2.5 ni wọ́n sábà ń lò fún CV kan tàbí kan àti ààbọ̀. Ẹ fi régulateur, ẹ̀rọ tí ń mú fóltì dúró déédéé, kún un, nítorí iná máa ń lọ sílẹ̀ nírọ̀lẹ́.

Ibi tí iṣẹ́ ti ń bàjẹ́ jù ni ọjọ́ tí wọ́n bá ń so ó mọ́lẹ̀. Ní 2021, àbúrò mi obìnrin tí ó wà ní Faransé rán owó wá pé kí a fi split sí yàrá ìyá wa. Ọkùnrin tí wọ́n júwe fún wa ṣe iṣẹ́ náà láàárín wákàtí kan ààbọ̀, gbogbo wa yìn ín. Kò gbé ẹ̀rọ tí ń fa afẹ́fẹ́ jáde lọ́wọ́ wá. Gáàsì inú ẹ̀rọ náà fúnra rẹ̀ ni ó ṣí díẹ̀ láti fi lé afẹ́fẹ́ jáde nínú pàìpù. Oṣù mẹ́ta lẹ́yìn náà, yàrá kò tutù mọ́. Ó padà wá fi gáàsì kún un, ó gbowó. Ó tún wá, ó tún gbowó. Kí ọdún tó yípo, kọ̀mpírẹ́sọ̀ ti gan. Frigoriste kejì tí ó tú u fi òróró inú rẹ̀ hàn mí, ó ti dúdú bí òróró ọkọ̀ àtijọ́: ọ̀rinrin tí ó kù sínú pàìpù ni ó ba òróró náà jẹ́. Láti ìgbà náà ni mo ti ń sọ fún ẹni gbogbo pé gáàsì amúlétutù kì í tán bí epo mọ́tò. Bí wọ́n bá ní kí ẹ máa fi kún un lọ́dọọdún, ó ń jò níbì kan, kí wọ́n wá ibẹ̀ rí ni ẹ ó sanwó fún.

Nítorí náà, ẹ bá frigoriste ṣe àdéhùn kí iṣẹ́ tó bẹ̀rẹ̀ pé yóò gbé pompe à vide, ẹ̀rọ tí ń fa afẹ́fẹ́ jáde nínú pàìpù, wá, pé yóò jẹ́ kí ó ṣiṣẹ́ fún ìṣẹ́jú 20 sí 30 ó kéré tán, pé yóò sì ya fídíò òǹkà rẹ̀ níbi tí abẹ́rẹ́ ti wà nísàlẹ̀ òdo, ní nǹkan bíi -1 bar, tí ó pa pompe náà, tí abẹ́rẹ́ kò sì kúrò níbẹ̀ fún ìṣẹ́jú mẹ́wàá. Fídíò yẹn ni ẹ fi ń san ìdajì owó iṣẹ́ tí ó kù. Ẹni tí ó bá bínú sí àdéhùn yìí, ẹ jẹ́ kó máa lọ. Owó ẹ̀rọ ní tirẹ̀, ẹ san án tààrà fún ọlọ́jà, kí ẹ gba facture normalisée, ìwé owó tí ìjọba fọwọ́ sí, tí ó ní àmì QR, kí nọ́ńbà ẹ̀rọ sì wà lórí ìwé náà. Ìwé yìí ni ẹ ó fi béèrè ẹ̀tọ́ yín bí ó bá bàjẹ́. Kì í ṣe pé ẹbí kò ṣeé finú tán, ṣùgbọ́n owó tí ó bá gba ọwọ́ mẹ́ta kọjá máa ń pàdé aláìsàn àti owó ilé ìwé lọ́nà.

Apá tí ó wà níta, ẹ má gbé e sí ibi tí oòrùn ọ̀sán ń jó, ẹ sì fi àgò irin bò ó nítorí olè, pẹ̀lú àyè tó fún afẹ́fẹ́ láti kọjá. Kí ọ̀pá omi dà gẹ̀rẹ́gẹ̀rẹ́ sísàlẹ̀, kí ó má ṣe kán sára ògiri amọ̀, nítorí omi náà yóò jẹ ògiri yẹn láàárín ọdún mélòó kan, ẹ kò sì fẹ́ kí aládùúgbò fi omi yẹn bá màmá jà.

Fún màmá, kí afẹ́fẹ́ rẹ̀ má ṣe kọjú sí orí ibùsùn. Ẹ bá wọn fi í sí 25 tàbí 26 °C, kí ọmọ tí ń bá wọn gbé fọ asẹ́ inú rẹ̀ ní ọ̀sẹ̀ méjì-méjì, ní ọ̀sẹ̀ kọ̀ọ̀kan nígbà ọyẹ́. Bí ẹ bá ti rí ẹni wọn àwọn yàrá náà, ẹ kọ gígùn, ìbú àti gíga wọn síbí, pẹ̀lú ìhà tí fèrèsé kọ̀ọ̀kan kọjú sí àti iye áńpíà tí ó wà lórí àdéhùn SBEE, kí a jọ ṣírò CV tí ó yẹ kí ẹ tó fi owó ránṣẹ́.