Tíṣà tó tún ń ra kajú: èló ni owó orí mi?

Ìbéèrè: Ọ̀kún o, ọ̀gá. Tíṣà ni mí ní iléèwé aládàáni kan ní Ìsánlú. ₦150,000 ni owó oṣù mi. Wọ́n ń yọ ₦12,000 fún owó ìfẹ̀yìntì àti ₦10,100 fún owó orí. ₦240,000 ni mò ń san fún onílé lọ́dún. Bí àsìkò kajú bá dé, mo máa ń rà á lọ́wọ́ àwọn àgbẹ̀, mo sì ń tà á ní Kàbà. Lọ́dún yìí, ₦3,400,000 ló wọ báńkì mi látinú kajú. Ọ̀rẹ́ mi ní gbogbo ẹ̀ ni ìjọba máa gba owó orí lé. Ṣé òótọ́ ni? Ṣé kí n wá akáúńtáǹtì ni?

Ìdáhùn: Ọ̀kún o, Tíṣà. Ọ̀rẹ́ yín kàn ń dẹ́rù bà yín ni. Èrè là ń san owó orí lé, kì í ṣe gbogbo owó tó bá gba báńkì ẹni kọjá.

Ẹ jẹ́ ká kọ́kọ́ yẹ ìṣirò iléèwé yín wò. Owó oṣù yín jẹ́ ₦1,800,000 lọ́dún. Ẹ yọ owó ìfẹ̀yìntì, ₦144,000. Ẹ tún yọ ìdá kan nínú márùn-ún owó ilé yín, ₦48,000 (òfin ò jẹ́ kí èyí ju ₦500,000 lọ, bó ti wù kí ilé náà wọ́n tó). Ó ku ₦1,608,000. Lábẹ́ òfin tó bẹ̀rẹ̀ ní oṣù kìíní ọdún 2026, a kì í gba nǹkan kan lórí ₦800,000 àkọ́kọ́. ₦2,200,000 tó tẹ̀ lé e ni wọ́n ń gba ìdá 15 nínú ọgọ́rùn-ún lé. Ìdá 15 nínú ₦808,000 tó ṣẹ́ kù jẹ́ ₦121,200. Ẹ pín in sí oṣù méjìlá: ₦10,100 géérégé. Akọ̀wé owó yín mọṣẹ́.

Ó wá ku kajú. Ká ní ẹ rà á ní ₦2,550,000, tí àpò, alábàárù àti ọkọ̀ sì gba ₦150,000. Èrè yín jẹ́ ₦700,000. Ibí gan-an ni ọ̀pọ̀ èèyàn ti ń ṣì í: wọ́n á ní kò tó ₦800,000, kò kan ìjọba. Ẹ̀ẹ̀kan péré lẹ ní ₦800,000 yẹn lọ́dún, owó oṣù yín sì ti jẹ ẹ́ tán. Ìdá 15 nínú ₦700,000 jẹ́ ₦105,000. Ẹ̀yin fúnra yín lẹ máa kọ ọ́ sínú fọ́ọ̀mù owó orí, kó tó di ọjọ́ 31 oṣù kẹta ọdún tó ń bọ̀.

Ẹ mú ìwé àwọn ọmọ iléèwé yín kan, ẹ fa ìlà sí àárín ẹ̀: ohun tó wọlé lápá kan, ohun tó jáde lápá kejì. Ẹ gba rìsíìtì lọ́wọ́ awakọ̀. Bó bá ní òun ò ní, ẹ kọ ọjọ́, iye owó àti nọ́ńbà mọ́tò ẹ̀.

Fún èyí, ẹ má náwó sórí akáúńtáǹtì. Ẹ wá a bí ẹ bá ta ilẹ̀, bí ẹ bá ń gba owó iṣẹ́ látòkè òkun, tàbí bí ẹ bá ń gbé Ẹ̀gbẹ́ ní Kogí tẹ́ ẹ sì ń tajà ní Ẹrúkú ní Kwara tí ìpínlẹ̀ méjèèjì ń bèèrè owó lọ́wọ́ yín (ibi tẹ́ ẹ ń gbé ló ni ín). Bí ìwé bá sì ti ọ́fíìsì owó orí ní Lọ́kọ́ja dé pé owó orí yín ju ohun tí ẹ ṣírò lọ, ẹ má tọ́jú ẹ̀ sábẹ́ ẹní. Ọgbọ̀n ọjọ́ lẹ ní láti fi kọ̀wé takò ó.