Ẹ Má Fá Fláìwíìlì Yẹn: Ìdáhùn fún Ẹni Tó Fẹ́ Sọ Alùpùpù Rẹ̀ Di Ti Trials

Ìbéèrè: Mo ní alùpùpù 125cc four-stroke kan tí mo fẹ́ sọ di ti trials. Mẹkáníìkì mi ní ká gbẹ́ inú sílíńdà rẹ̀ kó fẹ̀ sí i kí agbára rẹ̀ lè pọ̀, ká sì fá fláìwíìlì kó lè fúyẹ́. Báwo ni ká ṣe fá a tó?

Ìdáhùn: Ẹ má fá nǹkan kan. Ìmọ̀ràn eré ìje ni mẹkáníìkì yín gbé wọnú trials, ó sì ti sú mi láti máa gbọ́ ọ.

Trials kì í ṣe eré sísá. Orí àpáta, ìtì igi àti inú ẹrẹ̀ lẹ óò gbà kọjá láìfẹsẹ̀ kanlẹ̀. Bí ẹsẹ̀ bá kanlẹ̀ lẹ́ẹ̀kan, àmì ìjìyà 1 ni. Bí ẹ bá ṣubú, 5 ni. Ẹni tí àmì rẹ̀ kéré jù ló ń gba ipò kìíní. Ẹ́ńjìnnì tó lè yí jẹ́ẹ́jẹ́ẹ́ láìkú lẹ ń wá. Ní 1964, Sammy Miller, ògbóǹtarìgì nínú trials, fi alùpùpù Ariel 500cc rẹ̀ sílẹ̀, ó bọ́ sórí Bultaco Sherpa 244cc, ó sì gba ife Scottish Six Days Trial, ìdíje trials ọlọ́jọ́ mẹ́fà ní Scotland, ní 1965. Ẹ́ńjìnnì tí kò tó ìdajì ti tẹ́lẹ̀ nìyẹn o.

Fláìwíìlì ni irin roboto wúwo tó wà lórí kránkì, ìyẹn ọ̀pá tí písítìn ń yí bó ṣe ń lọ sókè-sódò nínú sílíńdà. Nínú four-stroke, ẹ̀ẹ̀mejì ni kránkì ń yí kí iná tó jó nínú sílíńdà lẹ́ẹ̀kan. Láàárín iná kan sí èkejì, ìwúwo irin yẹn ló ń gbé písítìn lọ. Bí ẹ bá fá a, bí táyà iwájú bá ṣe ń kan àpáta báyìí ni ẹ́ńjìnnì á kú. Ẹ̀yin náà á wá máa da epo sí i kó má bàa kú, táyà ẹ̀yìn á máa yí lójú kan, á gbẹ́ ihò, ẹsẹ̀ yín á kanlẹ̀. Ṣé ohun tí ẹ fẹ́ sanwó fún nìyẹn?

Ṣe la máa ń fi ìwúwo kún un: òrùka irin tí wọ́n fi ẹ̀rọ gbẹ́, tí wọ́n fi bóòtù dè, tí wọ́n sì ti yẹ̀ wò pé kì í gbọ̀n bó ṣe ń yí. Ẹ rí i pé àyè wà láàárín òun àti ìdérí ẹ́ńjìnnì. Wẹ́dà kò gbọ́dọ̀ jó o mọ́ ọn: ooru ń ba mágínẹ́ẹ̀tì inú fláìwíìlì jẹ́, bí òrùka bá sì já lórí eré, ẹsẹ̀ yín ló lè bá.

Gbígbẹ́ sílíńdà ńkọ́? Ẹ gbàgbé ẹ̀. Ìfà ni 125 yín nílò, sípírókẹ́ẹ̀tì, irin eléyín tí ṣéènì ń gbà yí, ló sì ń fún un. Bí iwájú bá jẹ́ eyín 15, tí ẹ̀yìn jẹ́ 42, ẹ fi eyín iwájú pín ti ẹ̀yìn, ó jẹ́ 2.8. Ẹ fi 11 síwájú, 52 sẹ́yìn, ó di 4.7. Ṣéènì àtijọ́ kò ní gùn tó, ẹ ra òmíràn. Ẹ máa wo rọ́bà tí ṣéènì ń gbà kọjá, torí bó bá jẹ tán, irin ló kàn. Alùpùpù náà kò sì ní lè sáré lójú pópó mọ́.

Táyà trials ni 2.75-21 níwájú, 4.00-18 lẹ́yìn, bí rímù yín bá gbà á. Afẹ́fẹ́ psi 5 tàbí 6 níwájú, 4 tàbí 5 lẹ́yìn. Bí afẹ́fẹ́ bá kéré tó báyìí, táyà oní-túùbù lè yọ̀ lórí rímù kó sì fa ẹnu túùbù já. Ẹ lo irin bóòtù tó ń di etí táyà mọ́ rímù. Ẹ fún un ní afẹ́fẹ́ padà kí ẹ tó gun títì.

Ìnàró la fi ń gun trials, nítorí náà ìtẹ́sẹ̀ gbọ́dọ̀ sún sẹ́yìn díẹ̀, kó sì lọ sílẹ̀. Ẹ má lu férémù ní ihò kó lè fúyẹ́, ẹ má sì jẹ́ kí wẹ́dà kankan gé ọrùn rẹ̀ níbi tí fọ́ọ̀kù ti wọlé láti yí igun rẹ̀ padà. Bó bá já, ẹ̀mí lè lọ. N ò fojú rí alùpùpù yín. Kí ẹni tó mọ férémù dáadáa yẹ gbogbo ibi tí wọ́n bá jó wò kí ẹ tó gùn ún.

Sípírókẹ́ẹ̀tì àti táyà ni kí ẹ kọ́kọ́ pààrọ̀. Ẹ gùn ún gun òkè ní jíà kìíní; bó bá ṣì ń kú, ìgbà yẹn ni kí ẹ wá lọ ṣe òrùka fláìwíìlì.